Eyín Tí A Yọ Lẹ́nu Abàmì

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́)

Nígbà tí a kéde àkọlé ọ̀rọ̀ yìí, a gbọ́ pé àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ni àgbàlagbà ń wá nínú eré ọmọdé, tí kò lọ wádìí ọ̀ràn ilẹ̀ tàbí ọ̀ràn oyè. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kí ẹ jọ̀wọ́ rántí pé kì í ṣe ọmọdé ni ó ń ṣe eré tí ọmọdé ń wò, àgbà ni. Àgbà ni ó ń pa àlọ́, ọmọdé ń gbe orin rẹ̀ ni. Ohun tí àwọn àgbà ìlú kan bá sì fi sínú àlọ́ ọmọ wọn, òun ni wọn yóò bá nínú ọmọ náà nígbà tí ó bá dàgbà tí ó sì gba ipò lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ wá nìyí. Ní àkókò Kérésìmesì tí ó kọjá, àwọn ọmọ kó ara wọn jọ sí iwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní ilé wa, wọ́n ń wo eré ọmọlangidi kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1964, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rudolph the Red-Nosed Reindeer. A jókòó tì wọ́n, a rò pé a ó sùn lọ, ṣùgbọ́n oorun kò wá. Nígbà tí eré náà dé òpin, tí gbogbo ẹ̀dá inú rẹ̀ ń yọ̀, ọmọ ọmọ wa obìnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà yíjú sí wa, ó ní: “Bàbá àgbà, abàmì yẹn kò ní eyín mọ́. Kí ni yóò fi jẹ ẹran Kérésìmesì?” A wá èsì títí, a kò rí i. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbé wa lọ́kàn.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ abàmì náà, ó yẹ kí a mọ ibi tí ìtàn náà ti ṣẹ̀ wá. Kì í ṣe ìtàn tí baba fi lé ọmọ lọ́wọ́ láti ayébáyé. Ilé ìtajà ńlá kan ní ìlú Chicago, Montgomery Ward, ni ó fẹ́ ìwé kékeré kan tí yóò fi ta àwọn ọmọ oníbàárà rẹ̀ lọ́rẹ ní Kérésìmesì ọdún 1939. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé Robert L. May lọ́wọ́, ọ̀kan nínú àwọn tí ń bá wọn kọ ìpolówó ọjà. Àkókò ìpọ́njú ni fún ọkùnrin náà. Àìsàn jẹjẹrẹ ti dá ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀, obìnrin náà sì kú ní oṣù Keje ọdún náà, ó fi ọmọbìnrin kékeré kan sílẹ̀ fún un. Nínú ọ̀fọ̀ yìí ni ó ti kọ ìtàn àgbọ̀nrín ilẹ̀ yìnyín kan, tí imú rẹ̀ pupa tí ó sì ń tàn bí iná, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Títí di alẹ́ ọjọ́ kan tí kùrukùru bo ilẹ̀, tí Bàbá Kérésìmesì kò rí ọ̀nà mọ́, tí ó sì wá bẹ̀ ẹ́ kí ó fi imú náà ṣe fìtílà fún òun. Ìwé tí ilé ìtajà náà fi tọrẹ ní ọdún kan ṣoṣo náà ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ní ọdún 1947 wọ́n fi ẹ̀tọ́ orí ìwé náà lé May lọ́wọ́, ohun tí àwọn oníṣòwò kì í sáábà ṣe, nítorí náà ó tọ́ kí a yìn wọ́n. Ní ọdún 1949 ni Johnny Marks, àna May, sọ ìtàn náà di orin, tí Gene Autry sì kọ ọ́ sínú àwo, tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n.

Kí ẹ kíyè sí i pé nínú ìwé náà, àti nínú orin náà pẹ̀lú, kò sí abàmì kankan. Abàmì dé ní ọdún 1964, nígbà tí ilé iṣẹ́ Arthur Rankin àti Jules Bass sọ orin náà di eré, tí Romeo Muller sì kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán NBC ni ó kọ́kọ́ fi í hàn ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá ọdún náà. Ilé iṣẹ́ General Electric ni ó sì san owó rẹ̀, kí ó lè rí àyè polówó ohun èlò ilé láàárín eré.

Ó wù wá kí a dúró díẹ̀ sí ibi iṣẹ́ ọwọ́ tí a fi ṣe é, nítorí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wà láàárín wa níhìn-ín. Kì í ṣe àwòrán tí a fi ọ̀dà yà sórí ìwé ni. Ọmọlangidi ni wọ́n, tí a fi igi, okùn wáyà àti aṣọ ṣe. Oníṣẹ́ yóò gbé ọmọlangidi kalẹ̀, yóò ya fọ́tò rẹ̀. Yóò sún ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀ tí ojú fẹ́rẹ̀ má rí i, yóò tún ya fọ́tò. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Nígbà tí a bá wá ń yí fíìmù náà, àwòrán mẹ́rìnlélógún ni yóò kọjá níwájú wa ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú wa yóò sì gbà pé ọmọlangidi náà ń rìn fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí iṣẹ́ yìí ti nira tó kò ní pè é ní eré ọmọdé mọ́. Ìlú Toronto ní Kánádà ni a ti gba ohùn púpọ̀ nínú àwọn tí ń sọ̀rọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú Tokyo ní Jàpáàn ni àwọn ọmọlangidi náà ti rìn, lábẹ́ ọwọ́ Tadahito Mochinaga àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Mochinaga yìí ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Ṣáínà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì kí ó tó padà sí ìlú rẹ̀ ní ọdún 1953. Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà wo eré náà láti kékeré títí wọ́n fi hu ewú, wọn kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2020, méjì nínú àwọn ọmọlangidi náà, ti Rudolph àti ti Bàbá Kérésìmesì, ni a tà ní gbàńjo ní 368,000 dọ́là.

(Ohun ẹ̀rín kan nìyí: àwọn tí ó kọ ọdún sí ìbẹ̀rẹ̀ eré náà pẹ̀lú nọ́ńbà àwọn ará Róòmù gbàgbé lẹ́tà kan, ọdún 1964 sì di 1164. Bí a bá ka ohun tí wọ́n kọ, ọmọlangidi náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́jọ.)

Ìtàn náà rí báyìí. Nígbà tí a bí Rudolph, imú rẹ̀ ń tàn. Baba rẹ̀ tijú, ó fi ẹrẹ̀ bo imú ọmọ náà. Ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ àgbọ̀nrín ń ṣeré, ìbòjú náà bọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹni tí ń kọ́ wọn sì lé e kúrò láàárín wọn. Ní ọjọ́ kan náà, ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn kúkúrú tí ń ṣe ohun ìṣeré fún Bàbá Kérésìmesì, Hermey ni orúkọ rẹ̀, sọ pé òun kò fẹ́ ṣe ohun ìṣeré mọ́, iṣẹ́ oníṣègùn eyín ni ó wu òun. Wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Àwọn méjèèjì bá sá kúrò nílé, wọ́n sì pàdé ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, Yukon Cornelius, tí ń wa fàdákà àti wúrà kiri nínú òtútù. Nígbà náà ni abàmì yọ sí wọn. Ó ga bí òkè, irun funfun bò ó, eyín rẹ̀ rí bí ọ̀bẹ. Bumble ni Cornelius ń pè é. Imọ́lẹ̀ imú Rudolph ni abàmì náà fi ń mọ ibi tí wọ́n bá fara pamọ́ sí. Nítorí náà ni Rudolph ṣe dìde ní òru tí ó fi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ewu má bàa bá wọn nítorí tirẹ̀. Apá yìí wú wa lórí púpọ̀. Ọmọ tí wọ́n lé jáde nítorí imú rẹ̀ ni ó fi ara rẹ̀ ṣe odi fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí ó dàgbà tí ó sì padà sílé, ó gbọ́ pé baba àti ìyá rẹ̀, àti ọmọbìnrin tí ó fẹ́ràn rẹ̀, ti jáde lọ wá a, abàmì sì ti mú wọn sínú ihò rẹ̀. Rudolph lọ bá a jà, abàmì lù ú bolẹ̀. Hermey àti Cornelius dé. Hermey ké bí ẹlẹ́dẹ̀, nítorí abàmì fẹ́ràn ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ju ẹran àgbọ̀nrín lọ. Bí ó ti jáde sí ẹnu ihò ni Cornelius da òkúta lù ú láti òkè, ó sì dákú. Kí ó tó jí, Hermey ti yọ gbogbo eyín rẹ̀, kò ku ẹyọ kan. Cornelius tì í dé etí ọ̀gbun, àwọn méjèèjì sì jábọ́. Gbogbo ènìyàn rò pé wọ́n ti kú. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Cornelius fi wọlé wá, tí ó sì fa abàmì náà lọ́wọ́. Ó ní ó ti di ọmọlúwàbí, iṣẹ́ ni ó ń wá. Wọ́n fún un ní ìràwọ̀, ó sì gbé e ka orí igi Kérésìmesì láìgun àkàsọ̀. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a bínú sí eré náà. Ó dára. Láti ọdún 1964 títí di òní, kò sí ọdún kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà kò fi í hàn: NBC fún ọdún díẹ̀, CBS láti 1972 títí di 2023, ó sì padà sọ́dọ̀ NBC ní 2024. Àwọn tí ó ṣe é pẹ̀lú kì í ṣe alágídí. Ní Kérésìmesì àkọ́kọ́, wọ́n fi hàn wá pé erékùṣù kan wà tí àwọn ohun ìṣeré alábùkù ń gbé, erin tí ara rẹ̀ rí tótòtó, ọkọ̀ ojú irin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní igun mẹ́rin, àti irú wọn bẹ́ẹ̀. Rudolph ṣèlérí pé Bàbá Kérésìmesì yóò wá kó wọn, ṣùgbọ́n eré parí láìsí pé a rí i kí ó wá. Àwọn òǹwòran kọ lẹ́tà ìbínú. Ní ọdún 1965 a fi apá tuntun kún un, Bàbá Kérésìmesì sì lọ kó wọn. Ẹ wo bí ẹjọ́ tí a rò fún ohun ìṣeré ti dé etí àwọn ọlọ́lá! Àwa kò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kọ lẹ́tà nítorí eyín abàmì.

Ibí yìí ni ìbéèrè ọmọ ọmọ wa ti mú wa. Wọ́n ní abàmì di ọ̀rẹ́. Ó ha di ọ̀rẹ́ ni, àbí kò rí ohun tí yóò fi bu ni jẹ mọ́? Ẹni tí a dá kú, tí a kó ohun ìjà ẹnu rẹ̀ lọ nígbà tí kò mọ ara rẹ̀, tí a tì sí ọ̀gbun, tí ó wá jáde tí ó ní iṣẹ́ ni òun ń wá: ẹ̀yin ìjòyè tí ẹ ti gbọ́ ẹjọ́ púpọ̀, irú àdéhùn wo ni ẹ ń pe èyí? Àwọn kan yóò ní, ṣé kí ó pa wọ́n jẹ ni? Rárá o. Ẹni tí ẹkùn bá kì mọ́lẹ̀ kò ní jókòó ro ẹ̀tọ́ ẹkùn. Àwa náà ìbá yọ eyín rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò ní pe ọmọdé jọ lẹ́yìn náà kí a sọ fún wọn pé báyìí ni a ṣe ń yan ọ̀rẹ́. Àwọn baba wa rí irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà ayé wọn. Àwọn àlejò dé, wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ ọba, wọ́n gba ogun lọ́wọ́ balógun, lẹ́yìn èyí ni wọ́n fún wọn ní ìràwọ̀ kan kí wọ́n fi kọ́ àyà, gbogbo ènìyàn sì pàtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wádìí orúkọ abàmì náà pẹ̀lú. Oní-ìtàn inú eré náà ń pè é ní abàmì inú yìnyín tí ó jẹ́ ohun ìríra. Ta ni ó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀? Àwọn Sherpa, tí ń gbé lẹ́bàá òkè Himalaya ní ilẹ̀ Nepal, ní ẹ̀dá kan nínú ìtàn wọn tí wọ́n ń pè ní yeti. Ní ọdún 1921, àwọn òyìnbó tí Charles Howard-Bury ṣe olórí wọn lọ yẹ ọ̀nà òkè Everest wò, wọ́n sì rí ipasẹ̀ kan nínú yìnyín. Àwọn tí ń bá wọn ru ẹrù dá orúkọ kan fún ẹni tí ó ni ipasẹ̀ náà. Henry Newman, oníwèé ìròyìn kan ní Calcutta, ni ó yí orúkọ náà padà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó túmọ̀ rẹ̀ ṣì, ó pè é ní ohun ìríra, àṣìṣe náà sì fò káàkiri ayé. Báyìí ni ẹ̀dá àwọn Sherpa ṣe pàdánù orúkọ rẹ̀ ní 1921, tí ó pàdánù òkè rẹ̀ nígbà tí a gbé e lọ sí òpin ayé ní ìhà àríwá, tí ó sì pàdánù eyín rẹ̀ ní 1964. Orúkọ ni ó kọ́kọ́ lọ.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ní kàyéfì. Nígbà tí a túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, Èṣù ni wọ́n fi dípò Sátánì. Láti ìgbà náà, Èṣù tí í ṣe ońṣẹ́ àwọn òrìṣà, tí àwọn babaláwo mọ iṣẹ́ rẹ̀ dájúdájú, ti di ẹni tí ọmọ ilé ìwé ń fi bú ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. A kò wá bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ẹ̀sìn. Onígbàgbọ́ wà nínú wa, mùsùlùmí wà, onísìn ìbílẹ̀ sì wà. Ohun tí a ń wí kò ju pé ìtumọ̀ lè ṣe ohun tí ogun kò lè ṣe.

Kí a má ṣe rò pé gbogbo àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó ń yọ eyín. Ọdún méjì lẹ́yìn eré Rudolph, ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejìlá ọdún 1966, CBS fi eré mìíràn hàn, How the Grinch Stole Christmas, tí Chuck Jones fi ìwé Dr. Seuss ti ọdún 1957 ṣe. Grinch jẹ́ abàmì aláwọ̀ ewé tí ń gbé orí òkè, tí ó kórìíra ọdún. Ó sọ̀kalẹ̀ lóru, ó kó gbogbo ẹ̀bùn àti oúnjẹ àwọn ará ìlú, ó ní kí ilẹ̀ mọ́ kí òun gbọ́ ẹkún wọn. Ilẹ̀ mọ́, orin ni ó gbọ́. Wọn kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, síbẹ̀ wọ́n ń kọrin. Ọkàn rẹ̀ bá wú di ńlá, ó kó ẹrù wọn padà fún wọn. Ẹni kankan kò fọwọ́ kan eyín rẹ̀. Wọ́n fi í jókòó sí ìdí oúnjẹ, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì fi ọ̀bẹ gé ẹran fún gbogbo ilé. Ẹ rí i pé ìbéèrè ọmọ ọmọ wa rí èsì níhìn-ín. Ohùn tí ń sọ ìtàn náà pẹ̀lú dùn mọ́ wa: Boris Karloff ni, ẹni tí ó ṣe abàmì Frankenstein ní ọdún 1931 tí àwọn ènìyàn sì ń sá fún un. Ó ti darúgbó nígbà náà, ó sì ń sọ ìtàn fún ọmọdé.

Àwa ńkọ́? Kí a má ṣe fi ọwọ́ funfun hàn nígbà tí eérú wà ní ìka wa. Gbogbo wa mọ ẹgbére, ẹ̀dá kúkúrú inú igbó, tí ń gbé ẹní kékeré kiri tí ó sì ń sunkún. Àwọn àgbà wí fún wa pé ẹni tí ó bá gba ẹní náà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì fara da ẹkún rẹ̀, yóò di olówó. Nígbà tí a jẹ́ ọmọdé, gbogbo wa ni ó ń pète bí a ó ṣe gba ẹní náà. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó béèrè ohun tí ó ń pa á lẹ́kún. Nítorí náà, bí Hermey ti rí ni àwa náà rí, ẹní dípò eyín.

Ṣùgbọ́n nínú igbó wa, ohun púpọ̀ tún wà. Iwin ń bẹ tí ń bá ọdẹ mulẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì ń pa èèwọ̀ ara wọn mọ́. Ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú ìrókò tí a kì í yọ lẹ́nu, tí kì í sì í yọ ni lẹ́nu. Olóògbé D. O. Fágúnwà kó wọn jọ sínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní ọdún 1938, Agbákò sì wà láàárín wọn pẹ̀lú gbogbo ìbẹ̀rù rẹ̀, kò sí ẹni tí ó rẹ́ ẹ ní èékánná. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968, ó sọ ọ́ di ohun tí àwọn àjèjì lè kà, àwọn orúkọ kan sì yí padà lójú ọ̀nà, nítorí kò sí bí a ṣe lè gbé omi kọjá kí díẹ̀ má dà. Ní ọdún 2024, ilé iṣẹ́ Kugali, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Uganda dá sílẹ̀, bá Disney ṣe eré àwòrán kan tí wọ́n ń pè ní Iwájú, nípa ìlú Èkó ní ọjọ́ tí ń bọ̀. Inú wa dùn sí i. Ìyẹn fi hàn pé ọwọ́ tí ó lè ṣe iṣẹ́ náà wà nílé, ọjọ́ tí wọn yóò wọ inú igbó wá ìtàn kò sì jìnnà. Kí ni wọn yóò bá níbẹ̀? Bí àwa tí a mọ ìtàn wọ̀nyí bá kú láìkọ wọ́n sílẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò sọ wọ́n lórúkọ, bí ó ti rí fún ẹ̀dá àwọn Sherpa.

Nítorí náà ni a ṣe fi ìmọ̀ràn yìí síwájú ẹgbẹ́. Kí olúkúlùkù wa padà sí ìlú rẹ̀, kí ó bi àwọn ìyá àgbà àti àwọn ọdẹ léèrè nípa àwọn iwin ibẹ̀: orúkọ wọn gan-an bí a ti ń pè é ní ẹ̀ka èdè ìlú náà, láìtúmọ̀ rẹ̀, ibi tí wọ́n ń gbé, ohun tí wọ́n ń jẹ, èèwọ̀ wọn, orin tí a ń kọ nígbà tí a bá ń pa àlọ́ wọn. Kí ó kọ ọ́ bí ó ti gbọ́ ọ gẹ́lẹ́. Bí iwin náà bá burú, kí ó fi í sílẹ̀ ní burúkú. Bí ó bá ṣe oore, kí ó kọ oore rẹ̀. Akọ̀wé yóò gba gbogbo rẹ̀ títí di oṣù Kọkànlá, kí ìwé ìròyìn wa lè rí díẹ̀ tẹ̀ jáde kí Kérésìmesì tó dé, nígbà tí àwọn ọmọ bá tún jókòó síwájú ẹ̀rọ náà.

Ní tiwa, a ti bẹ̀rẹ̀. A pa àlọ́ ẹgbére fún ọmọ ọmọ wa ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, a sì rò pé a ti sinmi ìbéèrè. Kò gbè wá lórin rárá, ó dákẹ́ títí a fi parí, ó wá ní: “Bàbá àgbà, kí ló ń pa á lẹ́kún?” A tún ń wá èsì. Bí ẹnikẹ́ni nínú ìpàdé yìí bá ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu àgbà kan, a bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà.